Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Ọlọ́wọ́ Òsì Tí Bàbá Mi Rà

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Iyaro, nínú ìlú Benin, láàárín yàrá Màmá Àgbà àti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, báàgì kan wà tí ó ga tó mi nígbà náà. Aláwọ̀ ewé ni, ìdí rẹ̀ ti ń ṣí, ọ̀pá irin sì kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lọ sẹ́yìn ilé ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn nítorí rẹ̀. Mo dàgbà, mo kúrò nílé, mo bímọ, báàgì náà kò kúrò níbẹ̀. Àlejò a máa bèèrè pé ta ló ń gbá gọ́ọ̀fù nínú ilé yìí, ìyá mi a sì dáhùn pé kò sẹ́ni tó ń gbá a. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí bàbá mi gbá a, tí inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà díẹ̀. Mo ti wá dàgbà ju ọjọ́ orí tí ó wà nígbà náà lọ, síbẹ̀ ọdún yẹn kò tíì tán nínú mi.

Ọdún tí Màmá Àgbà wá gbé lọ́dọ̀ wa ni. Ìyá tó bí bàbá mi ni. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tí yóò máa pọn omi fún un ní Ọ̀wọ̀ mọ́. Ilé wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn tó ń pe èrò á ti máa ké orúkọ ìlú: Èkó, Wàrí, Ọ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tiwọn ni ìró ìgbálẹ̀ mi lórí ilẹ̀ pupa àgbàlá, lẹ́yìn náà ni ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata lórí ọlọ kó tó múra lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Màmá Àgbà mú ìró tirẹ̀ wá bá wa: ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, àti oríkì tó máa ń kì fún mi láàárọ̀ kí n tó fọ ẹnu. N kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Benin, a máa ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin la fi ń dáhùn. Màmá Àgbà máa ń sọ pé èdè àwọn ọlọ́kọ̀ ni mò ń sọ, pé ta ló gbé ọmọ òun sí gáréèjì.

Ọjọ́ kìíní tí ó bá wa jẹun, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni. Mo bu òkèlè, mo fẹ́ fi sẹ́nu, ó ní kí n dúró. Ó ní ọwọ́ wo nìyẹn. Mo ní, "Na my hand." Bàbá mi ló yíjú sí. Bàbá mi tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá eegun ẹja. Láti ọjọ́ kejì, bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, Màmá Àgbà á mú ọ̀já tí ó ya lára ògbólógbòó ìró rẹ̀, á so ọrùn ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí mi. Kì í le. Bí ẹni ń di gèlè fún ọmọdé ló ṣe máa ń rọra so ó, á máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ọmọ tó bá ń fi òsì jẹun, ilé ọkọ ni wọ́n á ti bú ìyá rẹ̀, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé ta ló fẹ́ mọ ilé bàbá mi ná. Ilé bàbá mi wà ní Iyaro, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ní ọdún yẹn: kí bàbá mi gbójú sókè kúrò nínú abọ́ rẹ̀ kó sọ pé, Màmá, ẹ tú u sílẹ̀.

Kò sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ kò sí lórí ọwọ́ mi. Ọdún burúkú ni fún àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì. Báǹkì tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka méjì nínú ìlú, wọ́n sì fẹ́ sọ wọ́n di ẹyọ kan. Olórí ìṣirò owó kan wà ní ẹ̀ka kìíní, òmíràn wà ní ìkejì, bàbá mi sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá láti Èkó ni yóò mú ẹni tó máa kù. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀gá yìí bá sọ̀rọ̀ ní ibi iṣẹ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá fẹ́ rí i, kó lọ bá a ní pápá gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Sátidé. Olórí ìṣirò owó ti ẹ̀ka kejì ti ń gbá a láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá mi kò tíì di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí láyé rẹ̀. Nígbà tí ó sọ fún ìyá mi pé òun máa kọ́ ọ, ìyá mi bi í pé ṣé kò ní kúkú kọ́ aṣọ rírán, torí òun mọ ẹni tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn. A rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹnjiníà Osaro ló ń gbé ilé tó kángun sí tiwa, ọmọ Benin ni, ó sì ń gbá gọ́ọ̀fù. Ó ní kí bàbá mi ní sùúrù kí òun ti ìrìn àjò dé, àwọn á jọ lọ ra ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ní sùúrù. Bàbá mi kò dúró dè é, ó lọ sí ojú ọ̀nà Siluko, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀, láàárín fíríìjì àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Bàbá mi mọ iṣu yàn dáadáa, bí ó sì ṣe ń yan iṣu náà ló ṣe yan báàgì yẹn. Ó gbé e wò, ó wúwo. Ó fi èékánná kan irin rẹ̀, ó dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó ń dán. Ẹni tó ń tà á ní ó ti pẹ́ lọ́wọ́ òun, òun kàn fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ ni. Inú bàbá mi dùn sí èyí. Kò bèèrè ohun tó mú kó pẹ́.

Ẹnjiníà dé ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo wa wà ní àgbàlá, Màmá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi píà. Ẹnjiníà ní alákọ̀ọ́kọ́ kò nílò ẹ̀kún báàgì. Ọ̀pá olórí ńlá kan fún ọ̀nà jíjìn, irin bíi mélòó kan fún àárín, irin kan tí ojú rẹ̀ dà sẹ́yìn tí wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù jáde nínú yanrìn, àti èyí tí wọ́n fi ń rọra tì í sínú ihò, ó tó. Ìyókù, ẹrù ejìká lásán ni. Ó ní kí bàbá mi dúró ṣanṣan kó jẹ́ kí apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, torí ọ̀pá tó bá gùn jù fún èèyàn kò ní jẹ́ kó lè tẹ̀, èyí tó kúrú á bà á lẹ́yìn jẹ́. Ó tẹ rọ́bà ibi ìdìmú, ó ní ó ti gbó, ó ń yọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kó má ra bọ́ọ̀lù tuntun, pé igbó ni alákọ̀ọ́kọ́ ń ra bọ́ọ̀lù fún. Ibẹ̀ ló dé tí ó fi fa irin kan yọ, ó gbé e sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbá a, ó wò ó, ó fa òmíràn yọ. Ó tún fa òmíràn.

"Oga Bayo, who sell you this thing? All of them na left hand."

Bàbá mi ní kò yé òun. Ẹnjiníà fi hàn án: ojú irin tó yẹ kó kọjú sí bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ló kọ sí i fún ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá. Bí a ti ń ṣe ọ̀pá fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún náà la ń ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì, àwọn ọlọ́wọ́ òsì kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọjà náà fi pẹ́ nílẹ̀. Ẹnjiníà wá wo bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"When you small, which hand you dey take stone mango?"

Bàbá mi ń dá àwọn irin náà padà sínú báàgì. Màmá Àgbà bi ìyá mi pé kí ni ọkùnrin yẹn ń wí. Ìyá mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Màmá Àgbà kò gbójú kúrò nínú igbá ẹ̀gúsí.

"Ọ̀tún ni. Ọmọ tí mo bí, ọ̀tún ló ń lò."

Ẹnjiníà ní kò burú, òun náà mọ̀ pé ní Benin kò sẹ́ni tó ń fi òsì na nǹkan sí àgbà, àmọ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe àgbà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà lọ, báàgì sì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni bàbá mi ti ń kọ́ ọ, ní ìrọ̀lẹ́, tí Màmá Àgbà bá ti na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọ̀tún gbìyànjú, ó ń yí irin padà kó lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá a. Ilẹ̀ pupa ló ń gbá. Ẹrẹ̀ ta sí i láṣọ, ó ta sí ògiri. Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi, mò ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Ó yí ẹsẹ̀ padà, ó pa ọwọ́ dà. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kò pariwo. Ó kàn gbéra nílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó fò kọjá okùn aṣọ, ó lọ ba ara fẹ́ǹsì. Bàbá mi tẹjú mọ́ ibi tí ó lọ. Ó gbá òmíràn, bákan náà ni. N kò rí i rí kí ara rẹ̀ tú báyẹn. Nínú ilé, nínú ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi máa ń ṣe nǹkan bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò lójú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí kò rò ó kó tó ṣe é.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ di tiwa. Ẹnjiníà á fò fẹ́ǹsì wá, á ní kó má fún ọ̀pá lọ́rùn, pé ọ̀pá kò jí nǹkan rẹ̀. Kó má gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù títí yóò fi lọ. Kó má kánjú, ọ̀pá ló ń gbé bọ́ọ̀lù, kì í ṣe agbára. Bàbá mi a máa tún un sọ fún ara rẹ̀ ní Yorùbá: rọra, wò ó, má sáré. Ó kọ́ kíákíá. Ẹnjiníà ní òun kò rí alákọ̀ọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀, pé bí ó bá ṣe báyìí dé iwájú ọ̀gá, ọ̀gá á rí i. Nígbà míì bàbá mi á fún mi ní ọ̀pá kúkúrú yẹn, á ní kí n rọra ti bọ́ọ̀lù sínú agolo mílíìkì tó rì mọ́lẹ̀. Mo máa ń fi òsì tì í. Kò sọ fún mi pé kí n pa ọwọ́ dà. Mo wá gbà lọ́kàn pé bí ó bá fi òsì gbá bọ́ọ̀lù, tí ọ̀gá rẹ̀ yìn ín, tí iṣẹ́ sì dúró, kò ní sí ohun tí Màmá Àgbà lè rí sọ sí ọwọ́ mi mọ́. Tiwa méjèèjì ni bàbá mi ń gbá.

Ọjọ́ kan òjò kò jẹ́ kí Màmá Àgbà sùn. Nígbà tí ó dá, ó jáde wá gba afẹ́fẹ́, a kò gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ torí ilẹ̀ ti rọ̀. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó rí ọmọ rẹ̀ tó fi òsì gbá bọ́ọ̀lù, ó tún rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó sórí ọlọ. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

"Báyọ̀, o ò rántí. O kéré nígbà náà. Àlejò kan wá bèèrè ilé bàbá rẹ, o na ọwọ́ òsì sí i. Bàbá rẹ rí ọ láti ojú fèrèsé. Ó ní ọmọ tó bá ń fi òsì júwe ilé òun, kò ní sùn nínú ilé náà. Ta lo rò pé ó gbà ọ́ sílẹ̀? Èmi ni mo ní màá so ó. Mo so ó, ò ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Má jẹ́ kí n rí i kí n tó kú pé lásán ni mo so ó."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọ̀pá gọ́ọ̀fù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó má bínú, pé òun kò ní ṣe é mọ́. Ó gbéra, ó fi omi ṣan irin náà, ó dá a padà sínú báàgì. Inú bí mi sí Màmá Àgbà, ó bí mi sí bàbá mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí tí mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyá bẹ̀rù nítorí ọmọ, n kò lè bínú sí obìnrin yẹn mọ́, àmọ́ àánú rẹ̀ kò ní kí ohun tó ṣe má dùn mí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó so ọwọ́ mi, a jẹun.

Ẹnjiníà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní Màmá ò ní sí ní pápá, ta ló máa sọ fún un. Bàbá mi ní òun ló máa sọ fún un. Ẹnjiníà wá yá a ní ọ̀pá ọlọ́wọ́ ọ̀tún tirẹ̀ tí ó ti gbó, ó sì ní ọjọ́ tó kù kò tó kọ́ ohunkóhun, kí bàbá mi ṣáà ti máa rọra.

Ní Sátidé tí wọ́n pe àwọn alákọ̀ọ́kọ́ jáde, ìyá mi àti èmi tẹ̀ lé e. Àwọn lékelèké ń jẹ lórí koríko, kò sì sí koríko níbi ihò, yanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì pò ni, dúdú bí èédú. Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ń fi ọ̀tún gbá a, ọwọ́ òsì ló ń wọ ìbọ̀wọ́ sí. Ìbọ̀wọ́ funfun ni Ẹnjiníà yá bàbá mi, ó fún un pinpin, ó sì di bọ́tìnì rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Mo wo ọwọ́ òsì bàbá mi nínú awọ yẹn, mo mọ ohun tí mò ń wò dáadáa, torí ọ̀já ti fi àmì sí ọrùn ọwọ́ tèmi.

Bàbá àgbà kan ń gbá tirẹ̀ níwájú wa, orí rẹ̀ funfun, gbogbo èèyàn ń tẹ̀ ba kí i. Òsì ló fi ń gbá a. Kò sẹ́ni tó yíjú wò ó nítorí ìyẹn. Bàbá mi wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n pe orúkọ bàbá mi. Ọ̀gá náà ti dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Bàbá mi gbá a, afẹ́fẹ́ ló gbá. Ó tún gbá a, ilẹ̀ ló gbá. Ètè rẹ̀ ń mì, mo mọ ohun tó ń sọ: rọra, wò ó, má sáré. Nígbà tí ó bà á, bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri lọ sínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀gá náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ pé kò burú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì padà sídìí ọ̀rọ̀ tí òun àti olórí ìṣirò owó kejì jọ ń sọ. Nínú ọkọ̀, ìyá mi kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan.

Kí ọdún tó parí, wọ́n sọ ẹ̀ka méjèèjì di ọ̀kan, bàbá mi kò sí nínú àwọn tó kù. N kò lè sọ pé bọ́ọ̀lù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ní wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́ kó tó di Sátidé yẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ni kò gbà. Ó ń tọ́jú ìwé fún oníṣòwò aṣọ kan ní Ọjà Ọba lẹ́yìn náà, a sì ń jẹ owó oṣù ìyá mi. Màmá Àgbà kú ní ọyẹ́, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, wọn kò mú èmi lọ torí ìdánwò. Alẹ́ ọjọ́ tí àwọn òbí mi padà dé, oúnjẹ délẹ̀, kò sí ọ̀já. Bàbá mi wò mí, ó ń dúró. Mo fi ọ̀tún bu òkèlè. Ó ti mọ́ mi lára. Ó tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀, a jẹun tán.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi. Ó mú gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí a fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ òsì kó máa fi jẹun, pé ọwọ́ yẹn le koko. Bàbá mi kọ̀. Bí mo bá fi ṣíbí sí i, á jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, á wo ẹnu ọ̀nà, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí báàgì wà. A ń fi ọwọ́ bọ́ ọ bí ọmọdé. Ìyá mi sọ fún mi pé kí n yé e, kí n fi bàbá mi sílẹ̀.

Ó fẹ́ lọ sílé. A mọ̀ nítorí fọ́tò Màmá Àgbà tó máa ń tẹjú mọ́. Mo gba ọkọ̀, a gba Ifọ́n kọjá, a dé Ọ̀wọ̀ ní ọ̀sán. Ìlú ti yí padà. Èmi tí mo dàgbà sí Iyaro, n kò mọ ọ̀nà ilé bàbá bàbá mi. Ìyá mi ní ó yẹ kó jẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà níbi gbogbo. Awakọ̀ dúró ní oríta kan, ó ní kí a júwe fún òun, ilé wo ni. Mo wo ìyá mi, ìyá mi wò mí. Mo wá rí i tí nǹkan gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá mi ti gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó na ìka rẹ̀ tààrà síwájú, sí ilé alámọ̀ kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà, kò sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ náà mú, kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún awakọ̀ pé ibẹ̀ ni, kó yà síbẹ̀.